Oúnjẹ Tí A Gbé Lọ Sílé Olùkù

Fakáǹsì ni à ń pe ìsinmi gígùn iléèwé ní Ifangni, ìlú wa, bí èdè Faransé ṣe fi lé wa lẹ́nu. Fún àwa ọmọ, fakáǹsì kò yàtọ̀ sí oko. Fún màmá mi, ìgbà àbẹ̀wò ọ̀rẹ́ ni. Gbogbo ọdún ló fi ń ta gàrí ní ọjà Igolo, kì í ráyè jókòó. Ṣùgbọ́n tí a bá ti kórè àgbàdo oko iléèwé tán fún àwọn kàmáràdì, ìyẹn àwọn ará ìjọba ìgbà náà, tí tíṣà ní ká máa lọ sílé, màmá mi á mú aṣọ tó dáa, á ní òun ń lọ kí àwọn ènìyàn òun. Èmi ni mo máa ń ru ẹrù tẹ̀ lé e. Èmi ni àbíkẹ́yìn, ta ni kò bá tún rù ú?

Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Ko-Koumolou, ó ní òmíràn lẹ́yìn ọjà ní Igolo, gbogbo wọn ló sì ń kí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ju ọ̀rẹ́ lọ. Ti Banigbé ni olùkù rẹ̀, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ̀. Ìyá Banigbé ni mo ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é níhìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní wúńdíá ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ru epo pupa lọ sí ẹnu ibodè, tí wọ́n jọ ń sùn sórí ẹní kan náà. Olórìṣà ni Ìyá Banigbé. Ọbàtálá ló ń bọ, aṣọ funfun ló sì máa ń wọ̀. Ìmàle ni àwa nílé tiwa, ìmàle tó ń kírun, kì í ṣe ìmàle ọjọ́ ọdún nìkan.

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa lè rò pé ìyẹn á dìjà. Ìjà wo? Àwọn obìnrin méjì yìí ti yanjú ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ìyá Banigbé ra ìkòkò kan sọ́tọ̀, oúnjẹ màmá mi nìkan ló ń sè nínú ẹ̀. Tí a bá lọ tán, á fọ̀ ọ́, á dojú ẹ̀ dé sórí àjà títí di fakáǹsì mìíràn. Adìẹ tó bá fẹ́ fi ṣe wá lálejò, kì í fi ọ̀bẹ kàn án. Á fà á lé ìmàle kan lọ́wọ́ ní àdúgbò wọn, ìyẹn á dárúkọ Ọlọ́run sí i, á pa á. Tí òun náà bá sì wá sílé wa, màmá mi mọ gbogbo ohun tí òrìṣà rẹ̀ kọ̀, kì í gbé e síwájú rẹ̀.

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, oṣù ààwẹ̀ bọ́ sínú fakáǹsì. Ìyá Banigbé kò ní ká má wá. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá mi ti sọ fún un rí pé ẹni tó bá fún aláàwẹ̀ ní oúnjẹ ìṣínu, Ọlọ́run á bu fún òun náà nínú ẹ̀san rẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀ náà mú gírígírí. Láti ọ̀sán ló ti ń koná. Tí oòrùn bá wọ̀, á jókòó ti màmá mi, á máa wo bó ṣe ń jẹ, á ní, "Olùkù mi, má gbàgbé mi nínú àdúà o. Oúnjẹ mi lo jẹ." Màmá mi á gbọ́wọ́ sókè, á ṣàdúà fún un títí ọbẹ̀ á fi tutù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí màmá mi, ló da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ó ti lọ kéwú ní Nàìjíríà, ó sì dé lọ́dún kan pẹ̀lú irùngbọ̀n tí kò tíì kún àti àwọn ìwé ńláńlá. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní kó máa wàásù fún àwọn lóṣù ààwẹ̀. Ẹ ò bá rí bí màmá mi ṣe ń rìn nígbà yẹn. Tí wọ́n bá kí i lójú ọ̀nà pé "Ìyá Àfáà," á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un sọ.

Àsìkò ìjọba kàmáràdì nìyẹn, rédíò kì í sinmi. Ìjọba ní òrìṣà ń fa ìlú sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òrìṣà ń fa ènìyàn lọ síná. Ìjọba ò fẹ́ràn àfáà, àfáà ò fẹ́ràn ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, òun náà ni Ìyá Banigbé, ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà rí.

Bí ààwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, tí màmá mi ní òun ń múra àtilọ sí Banigbé, ẹ̀gbọ́n mi pè é jókòó. Kò fi ìgbéraga sọ ọ́, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, ẹ lọ kí wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹun níbẹ̀ mọ́. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ òrìṣà ni wọ́n fi ń se tiyín. Èmi ni mò ń wàásù fún àwọn ènìyàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín bú mi."

Mo wo ẹnu màmá mi. Mò ń retí kó sọ ti ìkòkò orí àjà fún un. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹnu rẹ̀ là, ó tún padé. Ó ní, "Mo gbọ́, àfáà mi." Bàbá mi wà níbẹ̀ tó ń tún igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ṣe, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ojú ń ti màmá mi láti sọ níwájú ọmọ rẹ̀ pé òun ní ètò kankan pẹ̀lú olórìṣà. Inú bí mi, ojú sì tì mí fún un. Ìyá mi, tí àwọn oníṣòwò Igolo kò lè yàn jẹ, ń bẹ̀rù ojú ọmọ tó fi ẹ̀yìn pọ̀n.

Kò sọ pé òun ò lọ mọ́. Ohun tó ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú ẹ̀kọ, ó dín ẹja, ó dín àkàrà, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ńlá kan, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e rù mí. Nílẹ̀ wa, kò sí ìwọ̀sí tó tó kí ènìyàn gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́. Ọbẹ̀ tí kò dùn pàápàá, jíjẹ là ń jẹ ẹ́, tí a ó sì ní ó dùn. Màmá mi mọ̀ ju gbogbo wa lọ. Ó ti pète pé a ó gbé abọ́ náà sínú yàrá tí a máa ń sùn, òun á ní inú ń run òun, tí ilẹ̀ bá wá ń ṣú, òun á yọ́ wọlé lọ ṣínu. Ó ń sọ ọ́ fún mi lójú ọ̀nà láìwo ojú mi.

Ète rẹ̀ ò burú bí ète, àfi pé ó gbàgbé ohun tí ọmọdé mọ̀. Àlejò kì í wá lọ́wọ́ òfìfo, onílé ló sì máa ń sọ ẹrù àlejò. Kò sí fakáǹsì tí a lọ tí a kì í gbé ẹ̀bùn lọ fún Ìyá Banigbé. Lọ́dún yẹn, ìdààmú ò jẹ́ kí màmá mi rántí ẹ̀bùn.

Bí a ṣe wọ àgbàlá báyìí, Ìyá Banigbé yọ sí wa, ó sọ abọ́ náà kalẹ̀ lórí mi, ó ṣí aṣọ orí rẹ̀. Ẹnu yà á. Ó ní, "Olùkù mi, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, o tún dáná fún mi?" Ó kúnlẹ̀ ó dúpẹ́. Ó gbé abọ́ wọlé kí màmá mi tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Màmá mi dúró sójú kan. Ó wò mí, èmi náà wolẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, oúnjẹ ti dé iwájú wa. Ọkà ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ adìẹ tí ìmàle àdúgbò ti wá pa. Màmá mi mu omi, kò nawọ́ sí oúnjẹ. Ó ní inú ló ń run òun. Ìyá Banigbé ní kó fi ọbẹ̀ lásán panu. Ó ní rárá. Ìyá Banigbé ti dìde, ó ní òun ń lọ po ògì gbígbóná fún un nínú ìkòkò rẹ̀. Ìgbà náà ni màmá mi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò kọjá ètè: "Jókòó. Ọmọ mi ló ní kí n má jẹun níbí mọ́. Ẹ̀kọ tí mo gbé wá yẹn, èmi ni mo fẹ́ fi ṣínu."

Ìyá Banigbé jókòó. Ó ní, "O ò sọ ti ìkòkò fún un ni?"

Màmá mi ní, "Mo sọ fún un. Kò gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń fọwọ́ fa etí ẹní, mi ò lè gbójú sókè.

Ìyá Banigbé ò pariwo. Ó jáde sí àgbàlá, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti jókòó ti ẹ̀kọ wa. Mo gbọ́ tó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ mú u wá, ẹ má bínú, èmi ni mo ṣàṣìṣe." Ó ń gba ẹ̀kọ padà lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọn kò tíì ṣí ewé rẹ̀, ó kó o sínú abọ́. Ẹja tí wọ́n ti já lórí, ó wò ó, ó fi sílẹ̀ fún wọn. Èyí tó kéré jù nínú wọn bú sẹ́kún. Ó gbé abọ́ náà wá síwájú màmá mi, ó ní, "Mo fọ ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kàn án."

Màmá mi jẹ ẹ̀kọ náà. Jíjẹ kọ́ nìyẹn, ó kàn ń gbé e mì. Èmi fa ọkà àti adìẹ mọ́ra, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú débi pé ó kù díẹ̀ kí n rún egungun. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Nígbà tí a jẹun tán, Ìyá Banigbé kó àwo kúrò nílẹ̀, kò sọ pé kí màmá mi rántí òun nínú àdúà.

Ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó wá kí wa bó ṣe máa ń wá lọ́dọọdún. Ó wọ aṣọ funfun, ó sì gbé abọ́ kan dání. Ilé kún. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí jókòó yí ẹ̀gbọ́n mi ká. Màmá mi sáré gbé ìrẹsì àti ẹran fún un. Ìyá Banigbé rọra ṣí abọ́ tirẹ̀, ẹ̀wà ló wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Má ṣe wàhálà, olùkù mi. Mo gbé tèmi wá. Ṣebí bá a ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn?"

Mo wá ẹ̀gàn lójú rẹ̀, n kò rí i. Ó gbà lóòótọ́ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú tì mí débi tí ara mi ń gbóná.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ lára tiwa." Ìyá Banigbé rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, "O ṣeun, ọkọ mi. Màmá rẹ sọ fún mi pé òun sọ ti ìkòkò mi fún ọ, o ò gbà. N ò bínú sí ọ o. Ìwọ lo kàwé."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìkòkò wo, màmá?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti màmá mi ò tilẹ̀ pé oṣù kan. Ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé e sílẹ̀, kò bu nǹkan kan. Ìyá Banigbé yí ojú sí i, ó wò ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tún bèèrè pé ìkòkò wo, àwọn ará mọ́ṣáláṣí sì ti ń tẹ́tí sí wọn.

Ìyá Banigbé ní, "Kò sí nǹkan kan, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ àwa obìnrin ni." Ó bò ó fún un, lójú gbogbo wọn. Ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ níwọ̀nba, ó fún èmi ní ìyókù, ó kí bàbá mi, ó sì gbéra láti máa lọ. Màmá mi sìn ín dé títì.

Mo rò pé Ìyá Banigbé ni kò ní í fẹ́ rí wa mọ́. Mo ṣì í mọ̀. Nígbà tí fakáǹsì mìíràn dé, màmá mi lọ sí Ko-Koumolou, ó lọ sọ́dọ̀ ti Igolo, ṣùgbọ́n tí a bá dárúkọ Banigbé, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ ọ̀hún náà ló ń gbé e lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi, tí bàbá mi ti wá sọ ti ìkòkò fún, bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, kó lọ jẹun tó bá wù ú. Kò lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìyá Banigbé yà nílé wa bó ṣe ń ti Igolo bọ̀. Ó ní ìyá òun ní kí òun bi màmá mi léèrè bóyá ìyá òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Inú yàrá ni màmá mi wà, ó ń gbọ́. Ó ju ọwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà pé kí n sọ pé òun kò sí nílé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.