Ẹnu Ìyá Ràkúnmí

"Ìyá Oníbútà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ?"

Hafeezah ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Kì í ṣe ọmọ tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló máa ń sá sí. Bí tíṣà bá pè é ní kíláàsì, ilẹ̀ ni yóò máa wò títí ẹlòmíràn yóò fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ti ń rìn lórí ahọ́n rẹ̀ ó ti pẹ́, àfi bó ṣe já bọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, nínú yàrá Ìdíátù ní Alajo, nílùú Accra. Gbogbo ọmọ tó jókòó sórí ẹní yíjú sí i. Ìdíátù náà wò ó, ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú, ó ní, "Jẹ ẹ̀pà rẹ, ọmọ yìí."

Ó sì ti abọ́ ẹ̀pà sún mọ́ ọn.

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Ìdíátù nígbà yẹn. Ọjà Kotobabi ló ti ń ta bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá àti ẹní ìkírun, ìdí nìyí tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Ìyá Oníbútà. Ó sanra, ó dúdú, ohùn rẹ̀ sì ń dé ibi tí tròtrò ti ń kó èrò. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa pè é ní Alata, bí àwọn ará Gánà ṣe ń pe Yorùbá, òun náà a sì fi èdè Gà tó já gaara dá wọn lóhùn, tí wọn á fi bú sẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀: ó fẹ́ràn kàtúùnù bí ọmọdé.

"Àgbà rèé," ìyá Hafeezah a máa wí. "Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń gbọ́ wáàsí."

"Mo ti gbọ́ wáàsí láàárọ̀," Ìdíátù a dá a lóhùn. "Ràkúnmí ló kàn lọ́sàn-án."

Kàtúùnù kan ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ọmọ ràkúnmí kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ létí kànga nínú aṣálẹ̀. Ìjì iyanrìn ń bọ̀, ọ̀wọ́ ràkúnmí kò lè dúró dè é. Wọ́n gbéra, ìyá rẹ̀ sì wà láàárín wọn, okùn ọrùn rẹ̀ so mọ́ ti èyí tó wà níwájú. Ìyá náà yíjú padà, ẹnu rẹ̀ ṣí, iyanrìn bò ó. Láti ibẹ̀ ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tirẹ̀, òun àti alángbá kan tó máa ń pa àwọn ọmọ tó ń wò ó lẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ ọmọ tó ń kiri ọjà ní ìkóríta Circle ni Ìdíátù ti ra àwo fídíò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ, èdè tó ń jáde kì í ṣe Òyìnbó, kì í ṣe Twi, kì í ṣe Hausa. Ẹnì kan ní Rọ́ṣíà ni, ẹlòmíràn ní Ṣáínà ni. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀wẹ̀sì. Ni Ìdíátù bá gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ó jókòó, ó ní, "Ẹ dákẹ́. N ó sọ ohun tí wọ́n ń wí fún yín."

Ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ ọmọ ràkúnmí ní Àbíkẹ́. Ó sọ alángbá ní Àáfà, ó ní ẹni tó ń forí balẹ̀ tó báyẹn, ó ní láti jẹ́ Àáfà. Nígbà tó sì kan ibi tí ìyá ti yíjú padà, ohùn ńlá yẹn rẹlẹ̀ wálẹ̀: "Àbíkẹ́, má kúrò létí kànga o. Mò ń bọ̀ wá mú ọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wò ó lọ́jọ́ Àìkú, ọdún ń gorí ọdún. Kàsímù, ọmọ agboolé wọn, tí ìyá rẹ̀ máa ń bá sọ Yorùbá tí òun á fi Twi dáhùn, mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Àáfà lórí. Bí àwọn ọmọ náà bá fẹ́ pínyà nírọ̀lẹ́, wọn kì í wí pé ó dàárọ̀. "Má kúrò létí kànga o" ni wọ́n ń wí fúnra wọn.

Ní ọdún 2018, ìròyìn dé pé apá kejì ti jáde, pé yóò wọ gbọ̀ngàn sinimá ní Accra lásìkò Iléyá. Ìdíátù ṣèlérí pé òun yóò kó gbogbo wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí Kàsímù kò sọ fún: "Ìyá Àbíkẹ́ ń bọ̀ wá mú un!"

Iléyá ku ọjọ́ méjì nígbà tí Olúṣèyí wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Báńkì ni bàbá Olúṣèyí ń bá ṣiṣẹ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí wọn ni wọ́n ń gbé, Òyìnbó sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ẹní kan náà ni òun àti wọn ti ń jẹ ẹ̀pà.

"Ó ti bàjẹ́," ó ní. "Àwọn tó kọ́kọ́ wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìràwọ̀ méjì péré ni wọ́n fún un nínú márùn-ún."

"Ta ni wọ́n?" Kàsímù bi í. "Ṣé wọ́n mọ Àbíkẹ́ ni?"

"Wọ́n ní títí ó fi parí, ìyá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó kàn padà sétí kànga, ó dúró, iyanrìn nìkan lèèyàn ń wò."

"Irọ́! Ó ní òun ń bọ̀!"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn Olúṣèyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. "Mo ti wo apá kìíní ní ti Òyìnbó. Ẹ wò ó."

Wọ́n kó orí jọ sí fóònù náà. Ìyá ràkúnmí yíjú padà, fèrè ń dún, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Ràkúnmí ni, bíi màlúù ni. Àpọ̀jẹ ló ń jẹ!"

Kàsímù ló ṣáájú, ó di ọjà Kotobabi. Hafeezah wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ìdíátù ń nu eruku ara bútà nígbà tí wọ́n dé.

"Ìyá Oníbútà, ẹ purọ́ fún wa," Kàsímù wí. "Mi ò bá yín lọ mọ́."

Ìdíátù gba fóònù náà, ó nà án jìnnà sí ojú rẹ̀, ó wò ó. Ó ní kí Olúṣèyí dá a padà sẹ́yìn, ó tún wò ó.

"Ta ló ní kò sọ nǹkan?"

"Fèrè nìkan ló wà níbẹ̀, mà."

"Fèrè ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí àbí kò ṣí?"

"Ó ṣí, mà. Ṣùgbọ́n àpọ̀jẹ—"

"Ṣé ẹni tó ń jẹun ló ń yíjú sẹ́yìn báyìí, tí okùn fẹ́ já a lọ́rùn? Irú oúnjẹ wo nìyẹn?"

Obìnrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olúṣèyí kò gbà.

"Àwọn tó wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù—"

"Ṣé Yorùbá ni wọ́n fi wò ó?"

"Rárá, mà."

"Wọn ò tíì wò ó nìyẹn." Ó dá fóònù padà. "Ẹni tó bá ń lọ, kó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Iléyá. Ẹni tí kò bá lọ, kó dúró ṣọ́ ẹran. Èmi ń lọ, bó ṣe èmi nìkan."

Ẹnu rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ dé ìdérí bútà, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Hafeezah ló bá a mú un nílẹ̀. Ó rí ojú Ìyá Oníbútà, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ló ń retí kí ìyá Àbíkẹ́ padà wá.

Lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo wọn ló wá. Kàsímù ló dé gbẹ̀yìn, ọ̀rá ẹran ń dán lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti ki gèlè ìyá rẹ̀ bọ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ tuntun kó lè dà bíi ràkúnmí. Olúṣèyí ní òun kàn fẹ́ rí bó ṣe burú tó ni. Nínú tròtrò, méètì tó ń gba owó ọkọ̀ wo ẹ̀yìn Kàsímù, ó ní, "Alata, ẹ ò tíì pa èyí?"

"Ti ọdún tó ń bọ̀ ni!" Kàsímù dá a lóhùn.

Kàtúùnù náà kò dára. Kí a má tan ara wa. Àáfà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, orin pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, èèyàn tó wà nínú gbọ̀ngàn kò sì pọ̀. Ìdíátù jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó wo iwájú gan-an. Òfin ibẹ̀ ni pé kí a má sọ̀rọ̀, kò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, Àbíkẹ́ padà sétí kànga. Ó ti dàgbà. Ó dúró, ó ń wo ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ gbà lọ. Fèrè dákẹ́. Iyanrìn ń fẹ́. Àwọn kan pòṣé, wọ́n dìde. Gbogbo ọmọ Alajo yíjú sí Ìdíátù. Ẹnu Ìdíátù ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí. Ohùn kò jáde.

Hafeezah di apá àga mú.

"Àbíkẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "O ò kúrò létí kànga. Mo rí ọ."

"Mo ní mò ń bọ̀!" Kàsímù ké láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Mò ń bọ̀ wá mú ọ!" Gbogbo wọn ló wí i, Olúṣèyí náà wí i, ohùn tirẹ̀ ló lọ sókè jù. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn sáré wọlé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Ìgbà yẹn ni ohùn Ìdíátù padà. Ó dìde dúró gbọnrangandan, ó fi Gà sọ fún un pé ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kó ní sùúrù kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọkùnrin náà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó pa tọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí wọ́n jáde, Olúṣèyí ní, "Ìràwọ̀ méjì náà ṣì ni. Ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn o."

"Tiwa ńkọ́?"

"Mi ò tíì kà á tán."

Láti ìgbà náà, apá kejì di ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń wò lọ́jọ́ Àìkú ní Alajo, gbogbo wọn ló sì jọ ń sọ ọ́. Kàsímù lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Darkuman. Bàbá Olúṣèyí kó lọ. Hafeezah wọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbútà ló máa ń kọ́kọ́ yà. Eékún ti ń dun Ìdíátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ń jókòó ti ìsọ̀ báyìí.

Nínú ìsinmi kan, àwọn méjèèjì nìkan ló jọ ń wo apá kìíní, àwo àtijọ́ yẹn, tó ń sọ èdè tí a kò mọ̀. Ó dé ibi tí ìyá ti yíjú padà. Ìdíátù kò túmọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kó kọjá.

"O bi mí ní ọ̀rọ̀ kan nígbà tí o wà ní kékeré," ó wí. "O ní báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí o ṣe kéré tó lọ́jọ́ yẹn ni èmi náà kéré tó, lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé jáde ní Gánà. Ara mi gbóná bí iná. Àwọn tó wà nínú lọ́rì ní àwọn ò gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ìyá mi fà mí lé obìnrin Gà tó ń se kẹ́ńkè tà lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́wọ́, ó sì bá wọn lọ sí Ìnísà, ìlú wa ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ló kú sí. Nígbà tí lọ́rì gbéra, ó yíjú sí mi láàárín èrò, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí n gbọ́. Mo ti ń ro ohun tó sọ láti kékeré títí mo fi darúgbó, Hafeezah. Kò sí ohun mìíràn tó lè jẹ́."