Bí Iṣẹ́ Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Mujeebat ní Bẹẹrẹ

Ilé iṣẹ́ kan ní Bẹẹrẹ ni Mujeebat ti ń kọ kóòdù JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kó dán ètò tó ń ṣírò ìwọ̀n oògùn ọmọdé wò. Nínú àwọn ìdánwò tó kọ, ó fi ìṣirò kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orúkọ kan, ìṣirò náà kò sì ní wáyé àfi bí ìdánwò bá pe orúkọ yẹn. Ó gbàgbé láti pe orúkọ ti ọmọ jòjòló, ìṣirò náà kò sì wáyé rárá. Àṣìṣe inú rẹ̀ fara pamọ́, kọ̀ǹpútà sì ní gbogbo ìdánwò yege.

Ògoolúwa, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, yẹ iṣẹ́ náà wò lọ́jọ́ Ajé. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ìṣojú oníbàárà tó fẹ́ ra ètò náà ni Mujeebat ti wá pe orúkọ náà lọ́jọ́bọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà di pupa fòò, ó ní ìwọ̀n oògùn jòjòló kò tọ̀nà. Oníbàárà pariwo pé, “Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?” Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n lé Mujeebat.

Ó sunkún bá Ògoolúwa lórí àtẹ̀gùn. “Bùọ̀dá, ṣebí ẹ ti yẹ iṣẹ́ náà wò?”

“Mo rí àṣìṣe náà. Àbúrò ìyàwó mi ń wáṣẹ́.”

Ó ní kó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹ́gáàdì, ó sì wọlé padà.