Ọjọ́ Tí Olórí Akọrin Bọ́ Aṣọ

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun sì ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Etí-Ò-Gbàṣìṣe là ń pè é lẹ́yìn, torí ta ló tó pè é bẹ́ẹ̀ lójú? Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọrin ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi yóò bọ́ aṣọ akọrin, yóò lọ jókòó láàárín ìjọ títí òun yóò fi ní kó padà. Èmi àbúrò rẹ̀ náà ti bọ́ ọ rí. Mo jókòó síbẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa, mo ń fi ojú ṣépè fún un. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Aránṣọ ni ìyàwó wa, ìyẹn ìyàwó rẹ̀. Òun ló rán gbogbo aṣọ akọrin náà, ó sì mọ ẹni tó sanra láàárín wa àti ẹni tó ń purọ́ pé òun ò sanra. Ohùn òkè ló ń kọ, ohùn náà sì dùn. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì í láti sọ ọ́ fún ọkọ tó jẹ́ pé etí ni gbogbo iyì rẹ̀. Nínú ilé, ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀, òun a máa mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ìyàwó onítẹríba ni Ọlọ́run fún òun. Ọkùnrin!

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a parí orin, a dákẹ́, ohùn ìyàwó wa ṣì ń lọ ní òun nìkan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbọ́n mi, bóyá yóò ṣe ojúsàájú. Ó nawọ́ sí àga ìjọ. Ìyàwó wa bọ́ aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó ká a, ó gbé e kalẹ̀. Kò jókòó láàárín ẹnikẹ́ni, ilé ló gbà lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ ń bọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. "Olórí gidi nìyẹn! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde!" Orí rẹ̀ wú. Inú bí mi débi pé mi ò dágbére fún un.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí àṣírí fi tú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó wa nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti ẹ̀yìn, tó pè é. Kò dáhùn. Ó rò pé ìbínú ni, ó pariwo, obìnrin náà ń fi ẹsẹ̀ wa máṣínì rẹ̀ lọ. Ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bá gbá agolo bọ́tìnnì lórí tábìlì, ó ṣubú gbàǹgàlà. Èmi níta fò sókè. Ìyàwó wa ò mira.

Ẹ̀gbọ́n mi rọra yí lọ síwájú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bọ́tìnnì.

"Látìgbà wo?"

Ìyàwó wa wo ẹnu rẹ̀. "Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lẹ dákẹ́ kí n ráyè sọ ọ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́. Padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bàbá àwọn ọmọ, ojú gbogbo ìjọ lẹ ti ní kí n bọ́ aṣọ. Ṣé kọ́lọ́fín ṣọ́ọ̀bù lẹ wá fẹ́ ti bẹ̀ mí ni? Mi ò wá mọ́. Màá máa gbàdúrà nílé."

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ ọ́n, tó bá ní òun ò ṣe, kò ní ṣe. Bí kò bá padà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sá fún èèyàn, títí yóò fi ku òun àti máṣínì. Ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, mo bẹ ìyàwó wa títí ó fi tẹ̀ lé mi. Àga tó kẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà, ló jókòó sí. Bí a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin ni ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ìjọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ kí obìnrin náà lè rí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, etí ìyàwó mi ti wúwo, èmi tí a jọ ń sùn nínú yàrá kan ni mi ò mọ̀. Mo dójú tì í níwájú yín, ẹ sì yìn mí. Níwájú yín náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́."

Ó bọ́ aṣọ akọrin rẹ̀, ó fi ọ̀pá tó fi ń darí orin lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́.

Pásítọ̀ dìde. "Arákùnrin, olórí kì í fi agbo sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà, pé bí Kristi ṣe fẹ́ ìjọ ni kí ọkọ fẹ́ aya. Kristi ò lé wa jáde torí pé a kọrin ṣì. Ta ni ì bá kù níbí?"

Pásítọ̀ jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ìjọ dìde, a bẹ̀rẹ̀ orin. Ìyàwó wa lanu díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún lanu, ohùn rẹ̀ sì gba ibòmíràn lọ. Àwọn èèyàn yíjú. Ọkùnrin tó ń lé èèyàn torí ìdajì ohùn wá tẹjú mọ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀, ó gbé ohùn ńlá rẹ̀ sókè, ó sì ń kọ ọ́ ṣì bí obìnrin náà ṣe ń kọ ọ́ ṣì gan-an. Omi bọ́ lójú mi. Àwa akọrin ti parí, atẹdùùrù ti gbọ́wọ́ kúrò, àwọn méjèèjì ṣì wà ní ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó jókòó títí wọ́n fi kọ ọ́ tán.