Bàálù Tí Wọ́n Ní Kò Sí Rí

Abẹ́rẹ́ Gígùn ni gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbáko ló fi rán aṣọ bo apá bàálù ní ibùdó àwọn ológun, nínú gáréèjì onípáànù kan tó máa ń gbóná lọ́sàn-án bí ẹni pé wọ́n dáná sí òrùlé rẹ̀. Bàálù àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ológun ní wíwà ni, oníjókòó méjì: akẹ́kọ̀ọ́ níwájú, olùkọ́ lẹ́yìn. Igi ni egungun apá rẹ̀, aṣọ ni awọ rẹ̀. Wọn á na aṣọ lé igi, wọn á fi òwú tí wọ́n ti fi ìda pa rán an, abẹ́rẹ́ tó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ á wọlé lókè, á yọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á kùn ún lọ́dà títí á fi le gbandi. Apá tí Abẹ́rẹ́ Gígùn bá rán, kò sí afẹ́fẹ́ tó lè tú u. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ibùdó pé òṣìṣẹ́ tó bá wù lè wá kọ́ bàálù wíwà. Òun nìkan lobìnrin tó lọ. Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ń ríran kedere. Ìgbà tó jókòó sínú bàálù ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé orí pẹ́dà tí awakọ̀ ń tẹ̀ láti fi darí ìrù bàálù. Ọ̀gá kékeré kan tó ń yẹ wọ́n wò fa rúlà yọ nínú àpò àyà, ó wọn àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ àti pẹ́dà. Ìbú ìka mẹ́rin ni.

"A ò lè torí ẹnì kan tún bàálù ṣe," ló wí, ó sì pe ẹni tó kàn. Abẹ́rẹ́ Gígùn padà sídìí aṣọ rẹ̀. Ó dùn ún wọra, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ tábìlì ìlọṣọ rẹ̀ di gáréèjì. Ó fi igi, páálí àti àjákù aṣọ ṣe bàálù náà ní kékeré, àmọ́ kò ṣe é bó ṣe wà. Bí ì bá ṣe wà ló ń ṣe. Ọ̀kan ní ọkọ̀ ojú omi méjì lábẹ́ dípò táyà. Òmíràn ní bẹ́ẹ̀dì aláìsàn lẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní kó fi kún gígùn bẹ́ẹ̀dì náà, pé èèyàn kì í ṣe aṣọ tí wọ́n máa ká. Òmíràn tún ní ìjókòó mẹ́ta, kí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wọn lọ, kó máa jágbe mọ́ olùkọ́ lófuurufú. Ti ìkẹyìn ló gbà á lákòókò jù. Bí ẹ bá wò ó lókèèrè, bàálù àtijọ́ yẹn náà ni, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ tẹjú mọ́ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i pé pẹ́dà ti sún sẹ́yìn, bèbí aṣọ kan tó jẹ́ obìnrin sì jókòó síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dà digbí.

Ẹgbẹ́ kan wà nílùú náà tó ń ṣe irú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀, ológun tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́dọọdún, wọn a máa ṣe àfihàn ní gbọ̀ngàn kan. Ta ni alága wọn? Ọ̀gá kékeré ọjọ́sí náà ni, ó ti di bàbá arúgbó, rúlà ṣì wà lápò àyà rẹ̀, Ọ̀gá Rúlà ni wọ́n sì ń pè é. Òfin ẹgbẹ́ náà le: bàálù tí kò bá ní fọ́tò tó fi hàn pé irú rẹ̀ wà rí, kò gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì.

Nígbà tó ku ọ̀la tí àfihàn máa bẹ̀rẹ̀, Abẹ́rẹ́ Gígùn gbé bàálù ìkẹyìn náà lọ nínú páálí bàtà.

"Fọ́tò rẹ̀ dà, Màmá?" Ọ̀gá Rúlà bi í.

"Kò ní fọ́tò. Inú orí mi ló ti wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàálù tó wà rí là ń gbé síbí. Èyí tí kò sí rí, eré ọmọdé nìyẹn."

"Ẹ ò rántí mi, Ọ̀gá? Ìka mẹ́rin."

Ó rántí. Bó ṣe yára gbé ojú kúrò ló fi hàn. "Ó ti pẹ́, Màmá. Ẹjọ́ mi kọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe bàálù yẹn nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè yí i padà."

Bàbá Kúkúrú, awakọ̀ bàálù tó ti fẹ̀yìn tì, ń to bàálù tirẹ̀ nítòsí. Ó wá yọjú sínú bàálù obìnrin náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Bí tèmi ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí! Ọ̀gá, ẹ ti gbàgbé ni? Ṣebí ẹsẹ̀ tèmi náà ò dé pẹ́dà lọ́jọ́ ìdánwò. Ìka márùn-ún ló kù. Ẹ wá pákó méjì, ẹ fi rúlà yín wọ̀n ọ́n, ẹ sì fọwọ́ ara yín dè é mọ́ pẹ́dà. Ọmọbìnrin kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kí n tó gòkè, ó ń fajú ro."

"Èmi ni," Abẹ́rẹ́ Gígùn wí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Bàbá Kúkúrú. Abẹ́rẹ́ Gígùn tẹjú mọ́ rúlà tó wà lápò àyà Ọ̀gá. Pákó méjì péré! Ọdún méjìdínláàádọ́ta ló fi ń bínú sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀gá Rúlà nu ojú rẹ̀. "Ó dáa náà. Irú rẹ̀ ti wà rí nìyẹn. Bàbá á mú fọ́tò tirẹ̀ wá, a ó gbé e sórí tábìlì."

"Ẹ ò ní gbé e síbẹ̀. Èyí tó wà rí, tiyín ni. Bàálù tó gba obìnrin ni mo gbé wá. Ìyẹn ò sí rí, ẹ̀yin lẹ sì ní kó má wà." Ó dé páálí rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti ọmọ rẹ̀ ru tábìlì ìlọṣọ wá, wọ́n gbé e kalẹ̀ lójú ọ̀nà gan-an, níbi tí kò sẹ́ni tó máa wọ gbọ̀ngàn tí kò ní kọjá. Wọ́n to gbogbo bàálù rẹ̀ sí i. Ó gbé káàdì kan síwájú ti ìkẹyìn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ìka mẹ́rin ló kù fún mi, wọ́n ní bàálù ò ṣe é tún ṣe. Ìka márùn-ún ló kù fún ọkùnrin tó tẹ̀lé mi, wọ́n tún un ṣe.

Ọ̀gá Rúlà sáré jáde. "Màmá, òfin ẹgbẹ́..."

"Òfin yín ń bẹ nínú gbọ̀ngàn. Ìta la wà."

Àwọn èèyàn ti ń rọ́ wá. Bàbá Kúkúrú gbé bàálù tirẹ̀ jáde látinú gbọ̀ngàn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Abẹ́rẹ́ Gígùn. Ọ̀gá Rúlà ka káàdì náà tán, ó tún un kà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà láìmọ̀.

"Ẹ fà á yọ," Abẹ́rẹ́ Gígùn wí. "Ẹ wọ̀n ọ́n."

Ọ̀gá Rúlà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ẹnu rúlà bọ inú bàálù, láàárín ẹsẹ̀ bèbí àti pẹ́dà.

"Kò sí àlàfo," ó rọra wí.

"Ẹ wí i sókè, Ọ̀gá. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."