Ọjọ́ Tí Ojú Kọ̀ǹpútà Wa Ṣókùnkùn

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ tún ojú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wa ṣe ní Dassa, láyé ìjọba àwọn kámáràdì, ṣì ń bí mi nínú. Lẹ́tà ń fò lójú ẹ̀rọ náà. Bùọ̀dá Ràímì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá fi dísíkẹ́ẹ̀tì méjì pààrọ̀ ètò tó ń gbé àwòrán jáde.

"Epo jẹnẹrétọ̀ kéré," ó ní, "ẹ jẹ́ ká yára."

Ìkíní ti pa ètò àtijọ́ rẹ́; bí ó ti fẹ́ fi ìkejì, tó gbé tuntun, sí i ni Kámáràdì ọ̀gá wa wọlé.

"Ẹ jáde! A kò tíì fi orin ṣí iṣẹ́ yìí!"

A kọrin. Ó sọ̀rọ̀, ó tún sọ̀rọ̀, títí epo fi tán. Nígbà tí a rí epo mìíràn rọ sí jẹnẹrétọ̀, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí kóró iṣin.

"Ehuzu!" ni Kámáràdì ké, igbe ìjọba wọn tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà.

"Dandan!" ni gbogbo wa dáhùn.

Kò kúkú purọ́. Lẹ́tà tó ń fò, a kò rí i mọ́.