Yàrá Òkè Tí A Tì Pa

Ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi ti kúrú débi pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé kí wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ba bí ẹni tó wà lórí ìrun. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi ga bí òpó iná, wọ́n sì ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé láì ṣí fìlà. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn náà súnkì o. Àwa la sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọdún tí àgbàrá bá ti wọlé, a ó da yanrìn sílẹ̀, a ó fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ilẹ̀ á ga sí i, a ó sì pe káfíńtà kó wá gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kúrò. Ilẹ̀ ń ga, àjà ò kúrò níbi tó wà. Fèrèsé tí ìyá mi máa ń nàgà sí tẹ́lẹ̀ ti sún mọ́ orúnkún wọn báyìí. Tí mo bá jókòó síbẹ̀ pẹ́, inú a máa bí mi, n kò sì ní mọ ẹni tí màá bínú sí.

Ilé ẹbí ni. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní àgbàlá láàárín, kànga nínú àgbàlá, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó jáde sójú títì. Ìyàwó wọn ju ẹyọ kan lọ, àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan la sì ń pè ní ìdí kan. Ìdí kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tirẹ̀. Bí a ṣe pín ilé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe ń pín àgbàrá. Bí ìdí kan bá gbé ilẹ̀ yàrá tirẹ̀ sókè, omi á yà sí yàrá ìdí tí kò tíì gbé tirẹ̀. Ìyẹn náà á gbé tirẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, omi á tún wá ẹlòmíì lọ. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé ká pawọ́ pọ̀ la gọ́tà kan ṣoṣo tó máa gbé omi jáde fún gbogbo wa. Wọ́n á ní òótọ́ ni mo sọ. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á lọ ra símẹ́ńtì tirẹ̀.

Iwájú yàrá ìyá mi ni wọ́n sin bàbá mi sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé wa láyé ìgbà yẹn. Gbogbo yanrìn tí a ń dà, orí wọn náà la ń dà á sí. Mo ti ní kí ìyá mi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Lafiaji, nílé ọkọ mi. Wọ́n ní, “Ta ni màá fi bàbá rẹ sílẹ̀ fún?” Nítorí náà, n kò bẹ̀ wọ́n mọ́ pé kí wọ́n kúrò nílé. Ohun tí mò ń wá kò ju pé kí wọ́n gun òkè lọ, kí wọ́n máa sùn níbi tí omi kò ti ní bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Yàrá kan sì wà lókè. Àbúrò mi ọkùnrin kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló jogún rẹ̀. Ó ti kọ́lé sí Ìkòròdú, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ lọ síbẹ̀, ó sì fi àgádágodo ti yàrá náà pa. Kò sùn níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, kò sì sí ẹlòmíì tó wọ ibẹ̀. Abẹ́ yàrá yẹn la máa ń gbà wọ àgbàlá, omi a sì máa kán sí wa lọ́rùn níbẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. A ó bú páànù, a ó kọjá lọ. Nílé ẹbí, ẹni tó bá fi yàrá rẹ̀ gba ẹlòmíì sílé, ẹ̀rù á máa bà á pé ẹni yẹn ò ní jáde mọ́, pé lọ́la wọ́n á ní kò ní ìpín kankan mọ́ nílé. Ẹ̀rù yìí ló ti ilẹ̀kùn náà. Àgádágodo kàn ń bá a ṣọ́ ọ ni.

Lọ́dún yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo wà ní ìsọ̀ mi ní Jankara níbi tí mo ti ń ta aṣọ, mo gbọ́ lórí rédíò pé òjò ọdún yìí ṣeé ṣe kó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, pé kí àwọn tí ilé wọn rẹlẹ̀ múra. Wọ́n ní ayé ń gbóná, òkun ń ga, òjò ò sì ní máa tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ àtijọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Kànga wa tí a ń mu omi rẹ̀ nígbà èwe mi ti ń níyọ̀ lẹ́nu. Ìyá mi ṣì ń fi ṣe àlùwàlá, wọ́n á fi yọ ẹnu, wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á ní, “Òkun ti kí wa kú ilé.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá Alhaji, olórí ẹbí wa, àbúrò bàbá mi tó kù láyé, mo ní kí wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n pè é lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Alásárì, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tí mo gbọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ ará Ìkòròdú kó ṣí yàrá òkè fún ìyá mi kí òjò tó dé.

Alhaji ní, “Kí ni wọ́n sọ gan-an? Ṣé wọ́n ní omi máa wọlé wa ni?”

“Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, sà.”

“Ó ṣeé ṣe.” Wọ́n wo gbogbo wa lójú yíká, àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. “Èṣí ńkọ́? Ṣebí bí wọ́n ṣe wí náà nìyẹn. A gbé ẹrù gun òkè, a tún gbé e sọ̀kalẹ̀, òjò tó rọ̀ kò kún búùtà mi. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí òjò máa rọ̀, ìwọ ọmọ yìí.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìta tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí olè ń bọ̀ ni? Torí a ò mọ ọjọ́ tó ń bọ̀ la ṣe ń tì í. Torí pé a ò mọ ọjọ́ òjò náà ló ṣe yẹ ká ṣí tòkè yẹn nísinsìnyí.”

Ìyàwó ilé kan pàtẹ́wọ́. Alhaji ní kí wọ́n pe ará Ìkòròdú lórí fóònù, kí wọ́n sì gbé e sórí sípíkà kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń tajà. “Ẹ káàsán o, àǹtí mi. Ṣé mo ní kí màmá má gun òkè ni? Màmá tèmi náà mà ni. Kí omi ṣáà ti dé, ẹ flash mi, màá gbé kọ́kọ́rọ́ wá sharp sharp.”

“Láti Ìkòròdú? Nínú òjò?”

“Àǹtí, ẹ relax jàre. No wahala.”

“Fi kọ́kọ́rọ́ náà rán ẹnì kan sí mi lónìí.”

“Ẹrù mi wà níbẹ̀, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí omi dé ná.”

Alhaji ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: tí omi bá dé, a ó ṣí i. Gbogbo ilé ní ó dáa bẹ́ẹ̀. A ka Fátíhà, a fi ọwọ́ pa ojú, a dìde. Ìyá mi ló kọ́kọ́ padà sí yàrá wọn. Wọn kì í fẹ́ ká máa jà nítorí wọn.

Nígbà tí rédíò tún kéde pé òjò ńlá ṣeé ṣe kó rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, n kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gbé ìyá mi lọ sí Lafiaji tipátipá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ mi bí àlejò, wọ́n ń béèrè ìgbà tí a ń padà. Òòrùn ràn. Lọ́jọ́ kejì, òòrùn tún ràn. Òjò tó padà rọ̀ kò tó ohun tí wọ́n fi ń pa eruku. Mo dá ìyá mi padà sílé, àwọn ìyàwó ilé sì pè mí ní Ìyá Olójò. Wọ́n á ní, “Ìyá Olójò, ṣé ká sá aṣọ lónìí?” Mo bínú sí wọn. Mo bínú sí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Mo bínú sí òòrùn pàápàá. Mo mọ̀ pé ohun tó ṣeé ṣe lè má ṣẹlẹ̀, kó má sì jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá arúgbó tí mo gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lásán? Nígbà tí mo tún mẹ́nu bà á, wọ́n rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, “Ó tó, ọmọ mi. Lọ bójú tó ọjà rẹ.”

Ọjọ́ tí omi wá dé, n kò gbọ́ ìkéde kankan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Ayilá tán ní Jankara ni ojú ọ̀run dúdú, kí n sì tó kó aṣọ tán, òjò ti ń ya lulẹ̀. Ọ̀sà ti kún tẹ́lẹ̀, gọ́tà kò rí ibi gbé omi lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ọ́ padà sójú títì. Mo pe ìyá mi, wọn ò gbé e. Mo pe Alhaji. Wọ́n ní, “Fọkàn balẹ̀. A ti pe Ìkòròdú. Ó ní òun ti wà lọ́nà.” Mo ká aṣọ mi sókè, mo sì já sínú omi.

Nígbà tí mo máa fi délé, omi ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ilẹ̀ tiwọn sókè lọ́dún yìí ni, yàrá ìyá mi ló sì wá kàn. Bẹ́ẹ̀dì wọn ti ń léfòó. Mo pariwo pè wọ́n, n kò gbọ́ ohùn. Alhaji wà lórí àga ní yàrá iwájú tiwọn, tó ga ju ti gbogbo wa lọ, wọ́n nàka sókè sí mi.

Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń gbé yàrá yòókù lókè ti lọ sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn ará Ìkòròdú, wọ́n fẹ̀yìn tì í, aṣọ wọn rin gbingbin. Wọ́n ká ẹní ìkírun wọn sórí itan, búùtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ètè wọn ń gbọ̀n.

Wọ́n ní, “O ti dé? Wọ́n ní kí n dúró síbí. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀.”

Ẹkún gbé mi, ó sì jẹ́ ẹkún ìbínú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wá òòlù kan rí nínú ẹrù tó ń léfòó, mo tún gòkè. Alhaji ń ké láti ìsàlẹ̀ pé kí n má fọwọ́ kàn án, pé ilé onílé ni. Mo ní kí ìyá mi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lu àgádágodo náà títí ó fi já, mo sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn.

Ojú ọ̀run la rí. Páànù ti ṣí lọ, àjà ti já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ewéko tútù ti hù lára ògiri. Òjò ń rọ̀ sínú yàrá náà bó ṣe ń rọ̀ sí àgbàlá. Kì í ṣe òjò ọjọ́ yẹn ló ṣe é. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti ń rọ̀ síbẹ̀, gbogbo wa la sì ń fi ọrùn gba omi rẹ̀ kọjá. Yàrá tí a tì kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á, òjò ti gbà á tipẹ́.

Ìyá mi na ọrùn wo inú rẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ìwọ náà rò pé ibẹ̀ gbẹ,” ni wọ́n wí.

Mo ju òòlù sílẹ̀. Mo ti jà nítorí yàrá náà pẹ̀lú gbogbo ilé, n kò sì bi ẹnikẹ́ni rí bóyá òrùlé wà lórí rẹ̀. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fún omi ara rẹ̀ dànù, mo fi bo ìyá mi. A jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá.

Ará Ìkòròdú dé nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Mágàríbà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo yàrá náà, ó wo àgádágodo tó já, ó ní, “Àǹtí, ẹ ò bá ti dúró dè mí.” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra àgádágodo tuntun, ó tì í padà. N kò mọ ohun tó ń tì mọ́ inú rẹ̀.

Mo tún bẹ ìyá mi pé kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ sí Lafiaji. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n tún ti sọ ọ́ lórí rédíò ni?” Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni. Mo ní wọn ò tíì sọ nǹkan kan.

Yanrìn ti dé. A ti dà á sí yàrá ìyá mi, àti sí orí bàbá mi. Káfíńtà wá láàárọ̀ àná, èmi ni mo sì di ilẹ̀kùn mú fún un nígbà tó ń gé e.