Ìyípo Méjì Àtààbọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé mìlímítà ò ní ìjà nínú. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì jókòó sí yàrá ìwọ̀n rí. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, Ìyá Géèjì ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ, kò sì lọ́kọ, géèjì nìkan ló ń tọ́jú. Bí ẹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní àwọn ọmọ òun ò ṣáà béèrè bàtà tuntun lọ́wọ́ òun.

Yàrá rẹ̀ ò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè jókòó sí lọ. Tábìlì onírin kan wà níbẹ̀, àga kan tí wọ́n fi àkísà wé ìjókòó rẹ̀, àti fèrèsé onígíláàsì tó kọjú sí gbọ̀ngàn níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń ké láti àárọ̀ dalẹ́. Lórí tábìlì ni àwọn géèjì rẹ̀ wà, òrùka irin méjì méjì, tí eyín, ìlà tó ń yí po, wà nínú ihò wọn. Gbogbo bóòtù, irin eléyín tí wọ́n ń yí sínú nọ́ọ̀tù, tí ilé-iṣẹ́ náà bá gé gbọ́dọ̀ fojú kan òrùka méjì kó tó jáde. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Máa-wọlé: bóòtù gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ tinútinú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ni Kò-sáyè: òun gbọ́dọ̀ kọ bóòtù. Bí bóòtù bá wọ Kò-sáyè tán pátápátá, a jẹ́ pé eyín rẹ̀ ti rù jù, yóò máa mì nínú nọ́ọ̀tù, ohun tó bá sì dì mú ò ní pẹ́ já.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó lóun ò gbàlejò, yóò ṣáà ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò-sáyè náà máa ń gba bóòtù díẹ̀ kó tó kọ̀. Díẹ̀ mélòó? Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Bàbá àgbàlagbà tó kọ́ Ìyá Géèjì níṣẹ́ kọ́ ọ báyìí: "Ìyípo kan ti ìkíni, ìyípo kan ti ìjókòó, ìyípo kan ti ìdágbére. Bó bá wọ ìkẹrin, olè ni, lé e jáde." Ìyípo mẹ́ta nìyẹn. Bàbá náà ò sì fi orí ara rẹ̀ sọ ọ́ o. Ó wà nínú ìwé ìlànà tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé, ìwé ńlá tí àwọn onímọ̀ kọ, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ.

Ohun tí bàbá náà ò sọ, bóyá òun náà ò tilẹ̀ mọ̀, ni pé ìwé mìíràn wà. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà. Àwọn onímọ̀ ló kọ ìyẹn náà, ilẹ̀ púpọ̀ ló sì ń lò ó. Mìlímítà kan náà ni, eyín bóòtù kan náà ni. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ Kò-sáyè, ìwé kejì ní ìyípo méjì péré. Ìkíni, ìjókòó, ó parí. Kò sí ìdágbére.

Nínú gbọ̀ngàn, nídìí ẹ̀rọ léètì kẹta tó ń gé irin, ni àbúrò Ìyá Géèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá ni wọ́n. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń kánjú ṣe láyé. Bó bá ń mu omi, ẹ ó rò pé ó ń ka omi náà ni. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, ó bí ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́rin sì ni wọ́n ti lé e kúrò, gbogbo wọn ló ní ó ti lọ́ra jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síbí. Ẹ wá wo bí Olúwa ṣe ń ṣe é: nídìí léètì, ìlọ́ra di ẹ̀bùn. Eyín bóòtù rẹ̀ máa ń mọ́ bí eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà ti ń sùn dáadáa.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ńlá kan dé. Àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn dìde lórí ibùsùn ní àwọn fẹ́ bóòtù ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, oní-mìlímítà mẹ́wàá. Wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà, àlàfo kékeré kan wà tó yẹ kí wọ́n ti kọ ìwé ìlànà tí wọ́n fẹ́ kí a fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n gbàgbé, wọn ò kọ nǹkan kan. Ó yẹ kí Ìyá Géèjì béèrè. Kí ló máa ná an? Kò béèrè. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ nọ́ńbà ìwé ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe é láti ọdún gbọ́nhan, nítorí lójú tirẹ̀, mìlímítà ni mìlímítà.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ gé bóòtù àkọ́kọ́, ó gbé e wá fún un. Ó wọ Máa-wọlé láìjà. Ìyá Géèjì fi Kò-sáyè sí i: ìyípo kan, ìyípo méjì, ààbọ̀, ó dúró gbọn-in.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n jẹ́ kó sanra díẹ̀ sí i?" ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Kó sanra ṣe kí ni? Ààbọ̀ ìyípo ṣì wà nílẹ̀. Ìwọ náà, o fẹ́ràn wàhálà. Máa gé e lọ."

Ó lọ, ó ń gé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló bá ti àkọ́kọ́ mu, nítorí ẹni tí kì í kánjú kì í yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Wọ́n kó wọn sí páálí, wọ́n kó wọn lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, lọ́rì kan náà ló kó wọn padà. Ìwé tó bá wọn bọ̀ ò gùn: Kò-sáyè wọlé ju ìyípo méjì lọ, a ò gbà á. Ìyá Géèjì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló lọ wo àwòrán iṣẹ́ náà, ó rí nọ́ńbà tó fi pẹ́ńsùlù kọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló rí.

Máníjà pè é sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin náà máa ń fi bírò lu eyín tó bá ń ronú, lọ́jọ́ yẹn ó lù ú bíi pé ó fẹ́ yọ ọ́. Ó ní ọ̀gá pátápátá ti bínú. Ó ní lọ́la, ẹni tó ń wọn nǹkan fún oníbàárà máa wá, kí Ìyá Géèjì wọn ọgọ́rin nínú àwọn bóòtù náà lójú rẹ̀, pẹ̀lú ìlànà ìwé àwọn oníbàárà. Bó bá ju mẹ́ta lọ tó kùnà, tọ́nà tó fi léètì gé e máa lọ sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo kọ nọ́ńbà ìwé sí i," ni Ìyá Géèjì wí. "Ó tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kó sanra díẹ̀ sí i, èmi ni mo ní kó máa gé e lọ. Ẹ̀bi mi ni."

Máníjà dá bírò dúró. "Ṣé ẹ ti sọ èyí fún ẹlòmíì?"

"Rárá, sà."

"Ẹ má sọ ọ́ o. Ẹ̀yin nìkan ni ìwé-ẹ̀rí ìwọ̀n wà lórúkọ yín níbí. Bí ẹ bá lọ, a ò ní lè ta bóòtù kan ṣoṣo jáde. Tọ́nà, mo máa rí òmíì tó bá di ọ̀la."

"Ọmọ ìyá mi ni, sà."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ilẹ̀kùn kí n tó pè yín."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọkùnrin yẹn! Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó dáa, ìka tó ṣẹ̀ rèé, ó na ara rẹ̀ síwájú, ó ní ẹ wá gé mi. Wọ́n ní rárá, ìka yìí ṣì wúlò, ẹ jẹ́ ká gé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Géèjì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá nọ́ńbà àwọn oníbàárà, ó pe ẹni tó ń wọn nǹkan fún wọn. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ̀wà hù. Ìyá Géèjì ti múra ìjà, kò sì rẹ́ni bá jà.

"Ìwé yín ò burú, mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Tiwa náà ò burú. Wọn ò kàn sọ ohun kan náà ni."

"Ṣé bóòtù yẹn lè já?"

"Kò lè já, mà. Mo fi gbé ìlọ́po mẹ́ta ẹrù tó yẹ kó gbé, kò mira. Bóòtù tó dáa ni."

"Kí ló wá dé? Ṣebí ìwọ náà ti rí i!"

"Mo rí i, mà. Ṣùgbọ́n ìwé wa la fi búra fún àwọn ilé ìwòsàn. Bí mo bá fọwọ́ sí ìyípo méjì àtààbọ̀, èmi ni wọ́n máa lé. Ẹ má bínú sí mi, mà."

Báwo ló ṣe fẹ́ bínú sí i? Ohun tí òun náà ìbá sọ nìyẹn. Ó ní ó di ọ̀la, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń so bàtà ọmọ rẹ̀ obìnrin tó já. Ìyá Géèjì ò dá ọgbọ́n kankan, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àlàfo tó wà lórí àwòrán, pẹ́ńsùlù, ohun tí máníjà wí. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó fa okùn bàtà náà wọlé, ó so kókó rẹ̀, ó dán an wò bóyá ó mú.

"Mo ṣáà béèrè lọ́wọ́ yín," ló wí.

Kò gbóhùn sókè. Ìbá sàn kó bú u. Ìyá Géèjì sunkún títí dé ilé, kò bo ojú rẹ̀ fún ẹni tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin olóhùn tútù náà dé, ó mú àga, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó fi ìwé sí orí orúnkún. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn bóòtù náà wọlé. Wọ́n ní kó máa lọ, ó ní òun á máa nu epo ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ń fi àkísà nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń nà wọ́n sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yí wọn sínú Kò-sáyè. Ìkan, èjì, ààbọ̀. Kùnà. Ìkan, èjì, ààbọ̀. Kùnà. Ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kọjá èjì, Ìyá Géèjì á máa bẹ irin nínú ọkàn rẹ̀ pé jọ̀ọ́, dúró, dúró níbẹ̀ yẹn. Irin ò gbẹ̀bẹ̀. Nínú méjìdínlógún, ẹyọ kan ṣoṣo ló dúró sí èjì.

Nígbà tó kan ìkọkàndínlógún, ọmọbìnrin náà bojú wolẹ̀ láti kọ̀wé. Ìyá Géèjì yí bóòtù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dá ọwọ́ ara rẹ̀ dúró, ó tú u jáde, ó fi í sọ́dọ̀ èyí tó yege. Ọdún mẹ́tàlélógún, kò ṣe irú ẹ̀ rí.

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́, ó mú bóòtù náà, ó gbé e padà síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì dúró. Ẹ yí i tán."

Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ò wò ó, bóòtù tó máa pé ogún ló ń nù lọ́wọ́. Ìyá Géèjì yí i tán. Ìkan, èjì, ààbọ̀. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, mẹ́rìnléláàádọ́rin ló kùnà nínú ọgọ́rin. Ìyá Géèjì fọwọ́ sí ìwé èsì náà, ó lu òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ lé e. Kó tó di ọ̀sán, máníjà ti gba òǹtẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ lò ó. Lẹ́tà tí wọ́n fi máa lé Jẹ́jẹ́ ló fẹ́ fi lù.

Jẹ́jẹ́ kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ tán, ó sì wá sí yàrá ìwọ̀n. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba nǹkan.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bóòtù tí mo gé yẹn, ṣé ó dáa?"

"Ó dáa. Ọlọ́run ń gbọ́, n ò rí tọ́nà tó gé e bẹ́ẹ̀ rí níbí."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí mo bá lọ, wọ́n máa béèrè ìdí tí wọ́n fi ní kí n máa lọ. Ẹ lu òǹtẹ̀ sí i fún mi."

Ìyá Géèjì sáré lọ bá máníjà. Kò pẹ́ tó fi padà. Máníjà ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ò lè sọ pé bóòtù kan kùnà láàárọ̀, kó tún sọ pé ó dáa lọ́sàn-án. Ó jókòó, ó fa ìwé lásán kan yọ, ó kọ ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀: pé òun wọn iṣẹ́ ọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́sàn-án, pé ọwọ́ rẹ̀ péye, pé ìwé ló kọlu ìwé, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kùnà. Ó kọ orúkọ Jẹ́jẹ́ gbogbo sí òkè, ó kọ tirẹ̀ gbogbo sí ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí i.

Jẹ́jẹ́ kà á bó ṣe máa ń ṣe ohun gbogbo, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Orúkọ bàbá wa ló wà lókè," ló wí, "orúkọ bàbá wa náà ló wà nísàlẹ̀. Ta ló máa gbà á gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

Jẹ́jẹ́ dá ìwé náà padà sórí tábìlì, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.